Ẹni Tó Wá Fọnná

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2023, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó mi Bernadette kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gàrí ní àgbàlá wa ní Kétu, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. A sin ín ní ọjọ́ Sátidé. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ nípa ikú náà.

Àwọn tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ń sọ pé ó ní ilé-iṣẹ́ gàrí ńlá. Kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó ní àárò kan, agbada kan, àti Gwladys, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń bá a yan gàrí. Ìdí iná ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń yan án. Ìdí iná mìíràn wà ní Kpankou, òmíràn wà ní Odomèta, àwọn kan sì wà káàkiri títí dé ojú ọ̀nà Ìlárá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni wọ́n. Obìnrin tó bá ń yan gàrí níbẹ̀ ló ni ibẹ̀. Òun ló mọ àgbẹ̀ tí yóò ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló mọ ẹni tí yóò tà fún, òun ló mọ bí gàrí rẹ̀ yóò ti kan tó. Òfin méjì péré ló dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni pé kí ẹnikẹ́ni má ta gàrí tí kò lè fi fún ọmọ rẹ̀ jẹ. Èkejì ni ti iná.

Ti iná náà rí báyìí. Bí obìnrin kan bá fẹ́ dá ìdí iná tirẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣá ìṣáná. Yóò mú àpáàdì, yóò lọ fọnná lọ́dọ̀ ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀, yóò gbé ògúnná wálé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀, ẹni tó fún un níná kò sì lè pàṣẹ fún un mọ́. Bí ẹni tó ni ìdí iná kan bá wá kú, wọn yóò pa iná rẹ̀, wọn yóò kó eérú rẹ̀ dànù, wọn yóò sì lọ fọn òmíràn wá lọ́dọ̀ ẹni tó ti fọnná lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bernadette kọ́ ló dá àṣà náà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ní Kétu, ọ̀rọ̀ iná fífọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ń sọ fún wa pé nígbà tí àwọn baba ńlá wa dé orí òkè yìí, wọn kò ní iná, ọwọ́ ìyá arúgbó kan ní apá Kpankou ni wọ́n ti lọ gbà á. Àwọn tó mú ọba dání ni wọ́n lọ tọrọ iná lọ́wọ́ arúgbó. Kò sí ẹni tó sọ pé ìyẹn tàbùkù ọba.

Èmi kì í dá sí iṣẹ́ rẹ̀. Mo kàwé gba ìwé ẹ̀rí BEPC, mo sì ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù fún ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó ń ra irè oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Orí rẹ̀ wà ní Kútọnu, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Bí àgádágodo bá bàjẹ́, a ó kọ̀wé sí Kútọnu. Bí òjò bá ń jò sórí àgbàdo, a ó kọ̀wé sí Kútọnu, nígbà tí èsì yóò bá sì fi dé, àgbàdo ti hù nínú àpò. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ọ̀gá mi pé kí n wá imọ̀ ọ̀pẹ bo ibi tó ń jò. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ jalè. Ó ní, "Séverin, ta ló fọwọ́ sí i?" Nínú rédíò ni a ti gbọ́ pé wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Bernadette ń yan gàrí nígbà tí mo wá sọ fún un. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó na ajọ̀ sí mi. "Ẹ bá mi jọ̀ ọ́," ló wí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a jọ̀ ọ́.

Ní ọdún tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀, mo rí ohun tí òfin méjì yẹn lè ṣe. Ọjà Kétu dá wáí. Àwọn oníṣòwò ńlá tó jẹ́ pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n gbójú lé jókòó ti ẹrù wọn. Ìdí iná tó wà lójú ọ̀nà Ìlárá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Sidonie tó wà ní Odomèta ti ń tà fún àwọn Fọ̀n tó ń wá láti Bohicon tipẹ́, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìlárá gbé gàrí tiwọn tọ̀ ọ́ lọ. Ibi kan dákẹ́, ibòmíràn ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹnubodè ṣí, olúkúlùkù padà síbi tirẹ̀. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a ní, Euloge. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso òwò ní yunifásítì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Ọmọ rere ni; mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò ní í tíì jẹun tán tí yóò fi máa wo aago. Ìyá rẹ̀ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa pariwo tẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀ pé, "Euloge, ṣé iná lo wá fọn ni?" Òun náà yóò yọrí, yóò ní, "Màmá, mò ń bọ̀, mò ń bọ̀!"

Lẹ́yìn ìsìnkú, Sidonie wá bá mi láti Odomèta, òun àti Rachidatou láti Kpankou. Sidonie ni ìyá ìsàmì Euloge. Rachidatou, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ràsákì, kéré sí Bernadette, òun ló sì kọ́kọ́ fọnná lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù tí kò padà, tí àwọn ará ilé ọkọ ní kó kó ẹrù rẹ̀, àgbàlá wa ló gbé títí ó fi ní ibi tirẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ẹní. Rachidatou ní, "Bàbá Euloge, ẹ jẹ́ kí á pa iná náà, kí Gwladys wá fọn òmíràn lọ́dọ̀ mi. Iná Ìyá Euloge náà kúkú ni."

Kí n tó dáhùn, Euloge ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ pa á, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá òmíràn. Mo ní èrò kan."

Wọ́n pa iná náà. Àárò náà wà bẹ́ẹ̀, eérú tútù wà nínú rẹ̀.

Èrò Euloge nìyí. Ó fẹ́ kọ́ ilé kan sí àgbàlá wa, kí ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan síbẹ̀ tí yóò máa rin ẹ̀gẹ́, tí yóò máa fún un, tí yóò sì máa yan án. Kí gbogbo ìdí iná tó kù kógbá wọlé, kí àwọn obìnrin máa gbé ẹ̀gẹ́ wá sí Kétu, kí gàrí máa jáde nínú àpò kan pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀ lára rẹ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ Màmá dára, ṣùgbọ́n ó fọ́nká," ló sọ fún mi. "Ti Odomèta kan bí ọtí kíkan, ti Kpankou kò kan rárá, ti Kétu wà láàárín. Àwọn ilé ìtajà Kútọnu ń fẹ́ adùn kan. Ta ni olórí wọn? Mo bi wọ́n, kò sí ẹni tó lè dá mi lóhùn."

"Wọn kò ní olórí."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìpẹ́ ẹnikẹ́ni kò ní í rántí Màmá mọ́. Ṣé kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ ni?"

Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò lè sọ pé kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Mo ní, "Àgbàlá yìí, tèmi ni, mo fún ọ. Ìdí iná àwọn ìyá wọ̀nyẹn kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ìyá rẹ. Lọ bi wọ́n."

Ó pè wọ́n jọ sí Odomèta lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì bá a lọ. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n nígbà tó dárúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tó parí, Rachidatou ní, "Euloge, a gbọ́." Àwọn tó kù náà ní, "A gbọ́ o. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere." Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Bàbá, ẹ rí i? Wọ́n ti gbà."

"Wọ́n ní àwọn gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Entendu."

Mo wò ó. Lédè Faransé, ẹni tó bá ní entendu ti gbà, ó parí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ní òun gbọ́ kò tíì sọ ohun kankan. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti ẹnu ọmọ olókùú jáde nígbà ọ̀fọ̀, kò sí àgbàlagbà tí yóò wo ojú rẹ̀ kó sọ pé rárá. Yóò ní òun gbọ́, yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà fọ́, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo èyí ni mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ tún ń wá ìtumọ̀ mìíràn."

Ó rẹ̀ mí. Mo yíjú sí ojú ọ̀nà.

Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu sílẹ̀. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ. Wọ́n kọ́ ilé náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n kọ BERNADETTE sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Nígbà tí ọjọ́ tó dá pé, Sidonie nìkan ló dé. Òun mọ̀ pé "a gbọ́" kì í ṣe "a gbà," ṣùgbọ́n òun ló gbé ọmọ náà síbi omi ìsàmì, kò sì fẹ́ kí ojú tì í lójú àwọn ènìyàn. Ó pa iná rẹ̀ ní Odomèta, ó kó àwọn obìnrin rẹ̀ wá.

"Àwọn tó kù ńkọ́?" Euloge bi í.

"Wọ́n gbọ́," ni Sidonie wí, ó sì wọlé lọ bó ẹ̀gẹ́.

N kò ní í purọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ń ṣiṣẹ́. Gàrí rẹ̀ funfun, ó gbẹ, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi parí, àpò ń jáde, ọkọ̀ ń kó wọn lọ, Euloge ń kọrin nínú àgbàlá bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Mo máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi, n kì í jọ̀ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ ní ajọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó dé pẹ̀lú agbára, ọ̀já tó ń yí ẹ̀rọ náà já, ohun kan sì fọ́ nínú rẹ̀ tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ ní Kétu. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní Kútọnu. Òun náà ní wọn yóò gbé e wá láti òkè òkun. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀gẹ́ tí a sì ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Òórùn rẹ̀ wọnú yàrá mi.

Sidonie bá Euloge nínú àgbàlá. "Euloge, àárò ìyá rẹ nìyẹn. Jẹ́ kí á dá iná síbẹ̀, kí á yan ìwọ̀n tí a bá lè yan."

"Ìyá mi, adùn rẹ̀ kò ní í dọ́gba. Bí ẹni tó ń rà á bá tọ́ ọ wò tó yàtọ̀, a ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn."

"Irú oníbàárà wo nìyẹn? Ṣé kò dàgbà sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí ni, tí kò fi mọ gàrí tí a fọwọ́ yan?"

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe Kútọnu."

Mo gbọ́ "Kútọnu" yẹn láti ibi tí mo jókòó sí. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo lọ dùbúlẹ̀.

Ní ọ̀la, Sidonie wá dágbére fún mi. Ó di ẹrù rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ zémì, alùpùpù tó ń kó èrò. "Bàbá Euloge, ẹ má bínú. Mò ń gba Kpankou lọ fọnná, kí n tó kọjá sílé." Ó wo ilé ẹ̀rọ. "Mo ṣe ìwọ̀n tí ìyá ìsàmì lè ṣe. Ọmọ mi kò ṣe burúkú o. Iṣẹ́ náà ló kàn pọ̀ jù fún ibì kan."

Láti ìgbà náà ni Euloge ti ń dá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sí Kpankou. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà nínú wọn. Wọ́n ní nígbà tí èrò pọ̀ jù fún Rachidatou, kò fi agbada kún agbada. Ó ń nawọ́ sí àwọn tó kù fún wọn: lọ sí Odomèta, Sidonie ti dá iná, lọ sí ojú ọ̀nà Ìlárá. Nígbà tí àrọ́pò ohun tó fọ́ fi máa dé láti Kútọnu, ẹ̀rọ ti ṣe tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gẹ́ tó ń wọlé, kò sì sí ọwọ́ tó ń bó o.

Euloge wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó ti rù. Ó jókòó sílẹ̀, kì í ṣe sórí àga.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ló kù, ẹnu yín ló wà. Ẹ lọ bá Ìyá Ràsákì. Ẹ ní kó pa iná rẹ̀ kó wá sí Kétu. Bí òun bá wá, gbogbo wọn yóò tẹ̀ lé e."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni ọkọ Màmá. Kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó fọwọ́ nu ojú. "Bí ẹ kò bá lọ, ó ti parí fún mi. N kò ní iṣẹ́ kankan ní Kútọnu tí mo lè padà sí."

Òótọ́ ló sọ. Rachidatou kò lè kọ̀ fún mi. Bí mo bá ní kó pa iná rẹ̀, omi ni yóò bù, kò ní í bèèrè ìdí rẹ̀. Bí mo bá sì dákẹ́, ọmọ tí Bernadette fi sílẹ̀ fún mi yóò dà bí ilé tí a kọ́ tí a kò rí ẹni gbé e. Mo wo irun orí rẹ̀. Ó ti ń hu ewú lápá kan bíi ti ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó dìde, ó gbá ọwọ́ mi mú. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an."

Mo lọ wá àpò kan nínú yàrá.

Ní àárọ̀ ọ̀la, kẹ̀kẹ́ zémì kan ló gbé àwa méjèèjì, èmi láàárín, Euloge lẹ́yìn. Mo gbé àpò kan lé itan. Ó bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀, mo ní ẹrù ìrìn-àjò ni. Ilẹ̀ pupa rọ̀ nítorí òjò, oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì.

Èéfín ni a kọ́kọ́ rí ní Kpankou. Rachidatou jókòó ti agbada rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Nígbà tó rí wa, ó pariwo.

"Bisimilahi! Bàbá Euloge, ẹ káàbọ̀! Mùsíyé Kútọnu, ìwọ náà rèé? Ẹ̀rọ yín ti jí ni, àbí ó ṣì ń sùn?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Wọ́n ní ó ń retí àtùpà láti ìlú òyìnbó." Euloge fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ni Rachidatou wí. Ó gbé àga wá, ó fún wa lómi. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló gbé yín wá. Láti ìgbà tí ìyá ti lọ, mo ti ń retí rẹ̀." Ó gbé àfọ́kù igbá tó fi ń ro gàrí kúrò nínú agbada, ó fi í lélẹ̀. "Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, n ó ṣe é. Ilé yín ni mo ti rí orí gbé sí. Ẹ sọ ọ́."

Àwọn obìnrin dáwọ́ dúró. Gàrí inú agbada bẹ̀rẹ̀ sí í jó lápá kan, kò sì sí ẹni tó rò ó. Euloge ń wò mí. Mo rí i pé ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ jókòó ná," ni Rachidatou wí.

"N kò ní í jókòó," ni mo wí. "Ẹni tó wá fọnná kì í jókòó."

Mo yọ àpáàdì Bernadette jáde nínú àpò.

Rachidatou fi etí ìró rẹ̀ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì, n kò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, títí ó fi yọ ẹnu jáde.

"Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wá wò ó! Kétu tún ti dé Kpankou o! Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìlú wọn kò tíì ní ìṣáná!"

Ìyá arúgbó kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní, "Tẹ́lẹ̀ wọ́n mú ọba dání. Lónìí Mùsíyé ni wọ́n mú wá." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Euloge nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Bàbá, ẹ ní ẹ gbọ́."

"Mo gbọ́. N kò gbà."

Ó wo ilẹ̀. Mo rò pé yóò bínú lọ. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn láti àná, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tí mo lè fi dí i lọ́nà. Rachidatou ti fi igi yọ ògúnná ńlá kan lábẹ́ agbada, ó da eérú sínú àpáàdì, ó gbé e lé e. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Láti ìgbà tí Bernadette ti kú ni ó ti ń gbọ̀n. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbé àpáàdì ní láti dúró.

"Ẹ mú un wá," ni Euloge wí, ó sì gbà á.

"Rọra o, ọkọ mi," ni Rachidatou wí fún un. "Má jẹ́ kó kú lọ́nà. Iná ìyá rẹ ni."

Nígbà tí a ń bọ̀, ó gbé àpáàdì náà jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ. Olùwakẹ̀kẹ́ ń bojú wẹ̀yìn, ó ń bú wa. "Irú ènìyàn wo lẹ̀yin tó ń gbé iná lórí epo bẹntirólù yìí? Ẹ fẹ́ sun mí ni?" Euloge ní, "Ẹ rọra sáré, ẹ jọ̀ọ́. Kò gbọdọ̀ kú." Ó tún un sọ títí a fi dé Kétu. Ohùn rẹ̀ le sí ọkùnrin náà ju bó ṣe yẹ lọ, n kò sì bá a wí.

Gwladys ti kó eérú àtijọ́ dànù. Mo ti sọ fún un kí á tó lọ. Euloge kúnlẹ̀, ó gbé ògúnná sínú àárò, ó fẹnu fẹ́ ẹ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí Gwladys fi yan agbada àkọ́kọ́ tán. Kò wo aago.

Ó padà sí Kútọnu lẹ́yìn àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó ní òun yóò máa wá ẹni tó ń fẹ́ gàrí kíkan fún Sidonie, àti ẹni tó ń fẹ́ èyí tí kò kan fún Ìyá Ràsákì, olúkúlùkù sínú àpò tirẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́. Òun ti lọ bi wọ́n.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Sidonie ní òun gbà. Àwọn tó kù ní àwọn gbọ́."

"Nígbà náà, mú sùúrù."

Ó wọ ọkọ̀ èrò. Kò sí ẹni tó pariwo tẹ̀ lé e. Mo gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn mi kò tó.

Ohun tí Bernadette fi sílẹ̀ nìyí.

Agbada kan, etí rẹ̀ ti fọ́.

Ajọ̀ kan tó ti gbó, tí mò ń lò.

Àfọ́kù igbá tí ọwọ́ rẹ̀ ti sọ di dídán.

Ẹyọ bàtà rọ́bà rẹ̀ kan, èyí tó bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Èkejì wà ní Pobè.

Ẹ̀rọ kan tí kò rí rí, tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀.

Òfin méjì.

Iná ní Kpankou, iná ní Odomèta, iná lójú ọ̀nà Ìlárá, iná ní àgbàlá wa, àti ní àwọn ibi tí n kò tíì dé.

Ọmọ kan.

Èmi.